Ọgbà Alápò Lára Ògiri

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa, ẹ má fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí bèèrè mi, nítorí wọn yóò ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò-Tú ni kí ẹ bèèrè. Télọ̀ ni mí. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹnu ara mi dá orúkọ náà sílẹ̀, torí pé kò sí oníbàárà tó wá gba aṣọ rẹ̀ tí n kì í sọ fún pé, "Aṣọ yìí lè gbó, ó sì lè ya, ṣùgbọ́n ojú ibi tí mo rán kò ní tú." Mo sọ ọ́ títí ó fi lẹ̀ mọ́ mi lára. Ìgbéraga wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ẹni tí kò bá yin iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ṣé kó máa retí kí aládùúgbò bá a yìn ín ni?

Ìyá mi nìkan ni kì í pè mí ní Kò-Tú. Ó ní bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tí mo rán láyé mi, ara aṣọ tí mo wọ̀ sọ́rùn ni mo rán an mọ́, òun ló sì fi abẹ tú mi sílẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kó máa sọ ọ́ lójú oníbàárà.

Bí Màmá ṣe dé ọ̀dọ̀ mi ni pé ó ń lé ewúrẹ́ aládùúgbò kúrò nínú efinrin rẹ̀, ó yọ̀, ó sì fi èjìká ọ̀tún ṣubú lulẹ̀. Egungun kò ṣẹ́, àmọ́ èjìká náà gan. Apá ọ̀tún kò lè gòkè kọjá àyà mọ́. Òun nìkan ló ń dá gbé, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ mú un wá. Kó tó jókòó rárá ló ti sọ tẹnu rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ọwọ́ yìí bá ti gòkè, ilé mi ni mò ń lọ. Má jẹ́ ká jọ jiyàn lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Àmín, Màmá." Ẹnu lásán ni. Ọkọ mi ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Kí Màmá tó dé, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ bí ọjọ́ bá ti rọ̀, kì í sì í dáhùn. Wàyí o, èmi àgbàlagbà onígíláàsì, mo ti rí ẹni tó ń bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun?" Ó dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo fẹ́ kí apá rẹ̀ san, mo sì fẹ́ kó má lọ, bẹ́ẹ̀ méjèèjì kò lè ṣẹ pọ̀.

Ibi tí mò ń gbé kò tóbi. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pálọ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ wà láàárín, aṣọ oníbàárà sì kọ́ káàkiri débi pé ẹni tó bá wọlé ní láti kí aṣọ kó tó kí èmi. Báákónì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Ènìyàn méjì lè dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ jà, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé.

Ní ọsibítù, obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa bá àwọn tí oríkèé wọn gan na ara. Màmá sọ ọ́ ní Gbọ́wọ́sókè, torí ó ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí obìnrin náà mọ̀ nìyẹn. Gbọ́wọ́sókè ní kí Màmá máa kọjú sí ògiri láràárọ̀, kó máa fi ìka rìn gun ògiri náà díẹ̀díẹ̀ títí apá yóò fi nà. Nígbà tí a délé, Màmá dúró níwájú ògiri, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ṣé alángbá ni mí?" ó bi mí.

Èmi tó yẹ kí n rọ̀ ọ́, kí n bẹ̀ ẹ́, kí n tilẹ̀ fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ẹ sinmi, Màmá. Ọ̀la tún ń bọ̀." Ọ̀la dé, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe pé ọmọ burúkú máa ń dé fìlà, tèmi ì bá ti bò mí lójú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wọ yàrá láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Màmá tó ń fi ọwọ́ òsì ká aṣọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń lọ sílé. Ọwọ́ òsì náà, ọwọ́ ni."

"Ta ló ṣẹ̀ yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì já ewé kan. Ewé tí wọ́n so ní ìdì, tó ti sùn lọ́nà kó tó dé ọjà, òun ni mò ń sè. Ibi tí èèyàn ò ti lè na ọwọ́ já ewé, kí ni mò ń dúró ṣe níbẹ̀?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ṣe kedere, ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ lohun tó jáde.

"Ẹ má lọ síbì kankan. Màá ṣe ọgbà fún yín níbí."

"Níbo?"

"Lára ògiri báákónì."

Màmá wo ìhà báákónì, ó wò mí, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì kan iwájú orí mi wò bóyá ara mi gbóná. Ṣùgbọ́n kò ká aṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé mo parọ́ pátápátá. Oníbàárà kan ti fi àwòrán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn mí rí lórí fóònù rẹ̀: ewé ń hù láti ara ògiri, wọ́n dúró lórí ara wọn ní ìpele ìpele. Mo wò ó dáadáa, mo rí i pé inú àpò ni ewé náà wà. Àpò lásán. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti rán àpò sára gbogbo ṣòkòtò àdúgbò yìí, ta ni yóò wá kọ́ mi ní àpò?

Mo ra tapólì, aṣọ rọ́bà líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì dáwọ́ iṣẹ́ oníbàárà dúró. Mo gé àpò, mo tò wọ́n ní ìlà ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rán etí wọn, mo ká a, mo tún un rán lórí ìrán àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́, mò ń pààrọ̀ rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi ìdérí sí ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan, mo rán bọ́tìnnì sí i, bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì sójà. Ó wù mí lójú ni. Màmá gbé ìdérí kan sókè, ó tún un dé.

"Ṣé bí efinrin bá ti wọlé tán, á bọ́tìnnì ara ẹ̀ ni?"

Mo tú àwọn ìdérí náà. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n mo tú wọn.

Mo fi ìṣó kan ọgbà náà mọ́ ògiri, mo sọ ọ́ kalẹ̀ débi pé ìlà òkè pátápátá kò kọjá àyà Màmá. Mo ní n kò fẹ́ kó máa ṣe wàhálà àtinàwọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdí rẹ̀ kọ́ nìyẹn. A kó ilẹ̀dú sínú àpò, a gbin efinrin, a gbin míńtì, a gbin àlùbọ́sà eléwé. Ọwọ́ òsì ni Màmá fi ń tẹ ìdí wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Mo wò ó láti ẹnu ọ̀nà, mo sì ń bá ara mi sọ ọ́ pé: ó parí, ó ti gbé ilé kalẹ̀, kò ní lọ mọ́. Mo bomi rin wọ́n. Màmá náà ń bomi rin wọ́n. Mo máa ń dúró wo abẹ́ tapólì náà, kò sí ìkán omi kan tó jáde, mo sì ń mi orí bí ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ.

Kò pẹ́ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Efinrin tẹ orí ba, àlùbọ́sà rọ̀ bí okùn bàtà. Òórùn kan ń jáde níbẹ̀ tó mú kí oníbàárà máa wo abẹ́ bàtà ara wọn. Mo ní ẹni tó ta ilẹ̀dú fún mi ló rẹ́ mi jẹ. Mo ní omi ẹ̀rọ ni kò dára. Mo tilẹ̀ ní rédíò onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ wa ló ń da ewéko láàmú, torí ariwo rẹ̀ pọ̀. Màmá sún mọ́ ọgbà náà. Ó ti ìka bọ inú àpò kan, ó fà á yọ, ẹrẹ̀ kún un.

"Ìwọ ọmọ yìí, níbo ni omi ń gbà jáde nínú àpò yìí?"

"Kò síbi tó ń gbà jáde, Màmá. Èmi ni mo rán an." Mo sọ ọ́, mo sì na ọrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

"Mo gbọ́. O ti rì wọ́n."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Gbòǹgbò ń mí, kò rí ibi tí yóò gbà mí. Gbogbo télọ̀ burúkú tí mo ti ń bú láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí ìrán wọn ń ṣí sílẹ̀, bó bá jẹ́ pé àwọn ló rán ọgbà yìí, ewéko Màmá ì bá yè. Èmi Kò-Tú, mo rán pósí fún efinrin.

Ó ku kí a lu ihò sí i. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún mi. N kò tíì fi ihò lásán sílẹ̀ nínú aṣọ rí láyé mi. Mo ki ìṣó bọ iná, mo fi gún ìdí àpò kan, mo wo ihò náà, mi ò lè fara dà á. Etí rẹ̀ rí jákujàku. Mo sọ ọgbà kalẹ̀ lára ògiri, mo mú abẹ́rẹ́ ọwọ́, mo sì rán etí ihò náà yíká, bí a ti ń rán ihò bọ́tìnnì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo àpò. Màmá jáde wá, ó tẹ̀ wò ó, ó jókòó sílẹ̀ lórí àpótí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí n má mú òun rẹ́rìn-ín mọ́, pé èjìká ń dun òun.

"Bọ́tìnnì ńkọ́?" ló ń bi mí. "Ìgbà wo lo máa kó bọ́tìnnì wọn wá?"

A tún ilẹ̀dú kó, a tún ewéko gbìn. Mo bomi rin ín. Lọ́tẹ̀ yìí omi náà jáde dáadáa, láti ìlà òkè bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀ báákónì, ó sì gba ẹsẹ̀ ògiri kọjá. N kò ronú ibi tó gbà lọ títí tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Onígbàjámọ̀ ni. Abẹ́ báákónì wa ló máa ń gbé àga sí bí ooru bá mú. Ó fa oníbàárà rẹ̀ kan dání, ó ti fá orí rẹ̀ kodoro, omi dúdú sì ti la orí náà kọjá láti àtàrí dé iwájú.

"Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe fún orí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá," onígbàjámọ̀ wí. "Ẹni yìí ń lọ síbi pàtàkì."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ ń dún lẹ́nu mi bí ìgbà tí òwú bá ká sí ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀. Màmá ti mú aṣọ ìnura, ó ti ń nu orí ọkùnrin náà pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

"Ẹ má bínú, ọmọ mi. Ilẹ̀dú tó dára ni. Bí nǹkan bá hù níbẹ̀, ẹ padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí onígbàjámọ̀ tó rí ààyè bínú tán. Mo lọ wá páìpù rọ́bà kan, mo là á sí méjì gbọọrọ, mo dí etí rẹ̀ kan, mo gbé e sábẹ́ ọgbà bíi gọ́tà, kí omi lè máa ṣàn sínú bókẹ́ẹ̀tì. Omi inú bókẹ́ẹ̀tì náà la tún fi ń bomi rin ín. Láti ọjọ́ náà ni onígbàjámọ̀ ti máa ń gbójú sókè kó tó gbé àga rẹ̀ sílẹ̀.

Ewéko yè lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ wọn kò sanra. Wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ewé wọn sì fẹ́lẹ́. Ilé tó kọjú sí wa ga, ògiri báákónì náà sì dí níwájú. Oòrùn àárọ̀ tó bá ráyè yọjú, òkè ògiri nìkan ló ń dé, kì í sọ̀ kalẹ̀. Màmá ti ń wò ó láti ọjọ́ mélòó kan.

"Gbé e sókè," ó ní.

"Ọwọ́ yín ò ní tó o, Màmá."

"Ṣé ọwọ́ mi lo gbìn síbẹ̀ ni? Oòrùn ni efinrin ń wá. Gbé e sókè."

Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ pé kí efinrin jókòó sínú òkùnkùn nítorí tèmi. Mo yọ ìṣó, mo gbé ọgbà sókè. Ìlà tó jẹ́ ti àyà tẹ́lẹ̀ di ti orí. Láàárín ìgbà díẹ̀, ìlà òkè náà yí padà, efinrin ibẹ̀ fẹ̀ lójú bí etí ewúrẹ́, òórùn míńtì sì ń wọ pálọ̀ débi pé oníbàárà ń bèèrè ohun tí mo fi ń fọ aṣọ.

Wọ́n máa ń ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní báákónì wa, ọwọ́ ọmọdé kò tó o nítorí kúkúrú ni mí, bàbá mi ni mo jọ. Ọwọ́ àgbàlagbà náà kò tó o nítorí èjìká. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí, pé Màmá yóò máa já ti ìsàlẹ̀, èmi yóò máa gun àpótí já ti òkè. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fi ewé tó dára sílẹ̀ já èyí tí kò dára. Báákónì náà sì há. Ẹni tó bá kọjú sí ògiri, apá òsì rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ráyè.

Láti ìdí ẹ̀rọ mi ni mo ti ń wò ó. Láràárọ̀, á gbé ìka ọ̀tún lé etí àpò ìsàlẹ̀, á sinmi, á gbé e lé ti òkè rẹ̀, á rojú, á tún sinmi. Ìka rẹ̀ ń rìn láti àpò dé àpò. Alángbá tó ní òun kì í ṣe, òun gan-an ló ń ṣe yẹn, èmi ni mo sì rán ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé fún un. Bó bá dé ìlà kan tí kò dé lánàá, inú mi á dùn, ọkàn mi á sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń wò ó bẹ́ẹ̀, mo rán ọrùn aṣọ oníbàárà mọ́ apá aṣọ náà. Ó gbà mí ní gbogbo ọ̀sán láti tú u, torí ìrán mi kì í tú.

Nígbà tí a padà sí ọsibítù, Gbọ́wọ́sókè ní kí Màmá gbé apá. Màmá gbé e, ó lọ títí ó fi kọjá etí. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó tún un fi sójú.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe nílé?"

"Mò ń já efinrin."

Gbọ́wọ́sókè yíjú sí mi. "Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ní sùúrù báyìí. Ó ku díẹ̀. Tí wọ́n bá ti lè nà án tààrà sókè láìsí ìrora, ó ti tán nìyẹn, wọn ò nílò wa mọ́."

Mo dúpẹ́. Mo gba ìyìn náà bí ẹni tó gba ẹrù ẹlẹ́rù lọ́wọ́ awakọ̀. Nínú ọkọ̀ tí à ń wọ̀ bọ̀, Màmá ń sọ̀rọ̀ nípa òrùlé ilé rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n tún ṣe, mo ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni òòlù mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú òòlù náà jáde. Màmá wà ní báákónì, ó ń já àlùbọ́sà.

"Kí lo fẹ́ fi òòlù ṣe?"

"Mo fẹ́ sọ ọgbà yìí kalẹ̀ díẹ̀, kó má baà máa rẹ̀ yín."

"Ṣé mo ní ó ń rẹ̀ mí?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínà yẹn ti pọ̀ jù, Màmá."

"Gbé òòlù yẹn sílẹ̀, kí o jókòó."

Mo jókòó sórí àpótí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá fi irú ohùn yẹn bá sọ̀rọ̀, bó ti wù kó dàgbà tó, yóò jókòó ni. Màmá náà fara ti ẹnu ọ̀nà, àlùbọ́sà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo rò pé mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí n lọ?"

Mo gbé òòlù náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

"Láti ọjọ́ 'ẹ sinmi, ọ̀la tún ń bọ̀' ni. Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí oníbàárà fìdí lélẹ̀ tán tí o fi ń ní kó dìde kí o wọn ìbàdí ẹ̀, ìwọ lo wá ń ní kí n sinmi. Mo ní, ọmọ yìí ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Mo wá ń tẹnu mọ́ ọn pé mi ò kí ń ṣe alángbá, kí n lè fún ẹ láàyè kí o sọ ọ́. O ò sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ, mo ní tí ẹ̀rù bá bà á, á sọ ọ́. Dípò kí o la ẹnu, o lọ ra tapólì."

Mo fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, kò ṣeé ṣe. Mo ti fi òwú di ohun gbogbo mú láyé mi, ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi kò mọ ju kí n máa yin ìrán mi lọ.

"Màmá," mo ní, "mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

Bó ṣe kúrú tó nìyẹn. Ojú tì mí pé bó ṣe kúrú tó nìyẹn, tí mo fi rán gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn.

"Mo gbọ́," Màmá wí. "Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ti ń retí ẹ̀. Èmi náà, bí mo bá délé, àárò ẹ á máa sọ mí. Ṣùgbọ́n mo ní ilẹ̀kùn tí mo máa ń fọwọ́ ara mi ṣí láàárọ̀, mo sì ní àwọn tá a jọ ń kíra wa. Tí mo bá dúró síbí, o ò ní jẹ́ kí n gbé nǹkan kan. Wàá máa gé ẹran sí wẹ́wẹ́ fún mi. Mi ò tíì dà bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Jẹ́ kí n lọ nígbà tí mo ṣì lè bá ẹ jà."

Onígbàjámọ̀ ń bá ẹnìkan jiyàn bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀. Màmá wọlé lọ gbé àlùbọ́sà rẹ̀ sílẹ̀. Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo ọgbà mi, gbogbo ihò bọ́tìnnì rẹ̀ tí kò ní bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà mo mú òòlù, mo gun àpótí. Mo yọ ìṣó. Mo kàn án padà, n kò sọ ọ́ kalẹ̀, mo gbé e sókè, mo nà títí dé ibi tí ọwọ́ kúkúrú mi lè dé lórí àpótí. Mo fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara mi níbẹ̀, torí omi ti kún ojú mi, n kò rí orí ìṣó. Nígbà tí Màmá jáde, ó wo ibi tí ọgbà wà, ó wò mí. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí àtàǹpàkò náà bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré.

Kò dé ìlà òkè lọ́jọ́ náà, kò sì dé e lọ́jọ́ kejì. Mo kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo ń dúró tì í, mo ń sọ pé, "Ó ku díẹ̀, Màmá, ẹ tún nà án." Ohùn mi ti dà bíi ti Gbọ́wọ́sókè, Màmá sì ti ń fi orúkọ náà pè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìka rẹ̀ rìn láti àpò dé àpò, ó kọjá etí, ó kọjá orí, apá náà nà gbọọrọ sókè, ó sì já efinrin láti àpò tó ga jù lọ. Kò rojú rárá. Ó gbé ewé náà sábẹ́ imú mi kí n gbóòórùn rẹ̀.

Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Inú mi dùn, mo fi Ọlọ́run búra. Mo wá bi í pé ọjọ́ wo ló ń lọ.

"Ọ̀la," Màmá wí, "bí òjò ò bá rọ̀."

Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ ni mo ti ń bẹ òjò kó má rọ̀ sórí aṣọ oníbàárà tí mo sá. Mo di etí ògiri báákónì mú, mo na ọrùn jáde, mo ń wá ìkùukùu kiri ojú ọ̀run bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. N kò rí ẹyọ kan.